Ìró Àyà Bùràímọ̀

Kúlúsúmù gba ife lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ kó tó kan ètè rẹ̀, ó sì da omi ewé úgú inú rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ojú Àwáwù, ìyá ọkọ rẹ̀, ló ti ṣe é.

"Háà, ìyàwó!" Àwáwù dìde lórí àpótí. "Ohun tí mo fún ọmọ mi lo dà nù?"

"Ẹ má bínú, Màmá." Kúlúsúmù kúnlẹ̀ tòun ti ife. "Wọn ò gbọdọ̀ mu ún mọ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé ìwọ lo bí i ni?"

Bùràímọ̀, ọkọ Kúlúsúmù, fẹ̀yìn ti ògiri. Tíṣà ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹta rèé tí mímí ti ń nira fún un. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni wọ́n la àyà rẹ̀ n'Íbàdàn, tí wọ́n fi ilẹ̀kùn irin kékeré sínú ọkàn rẹ̀ dípò èyí tó bàjẹ́. Láti ìgbà náà ni àyà rẹ̀ ti ń ró kẹ́, kẹ́, kẹ́ bí aago ara ògiri, tí àwọn ọmọ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó sì ń lo oògùn lójoojúmọ́ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì mọ́ irin náà.

Oògùn yìí ló ń mú kí erìgì rẹ̀ máa ṣẹ̀jẹ̀. Lóṣù tó kọjá ni Àwáwù rí ẹ̀jẹ̀ lára pákò ọmọ rẹ̀, ẹ̀rù sì bà á. Ta ni kò mọ ohun tí à ń ṣe fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dànù lára rẹ̀? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gún ewé úgú, ó ń fún omi rẹ̀ sí mílíìkì, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Nínú ọ̀wọ́n tí ìjọba ológun kó bá gbogbo wa, ibi tó ti ń rí mílíìkì, òun nìkan ló mọ̀. Ìfẹ́ ni. Kò mọ̀ pé bí ewé tútù bá pọ̀ jù, kì í jẹ́ kí oògùn náà ṣiṣẹ́.

Kúlúsúmù mọ̀. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún un. Ṣùgbọ́n obìnrin wo ni yóò ní kí ìyá ọkọ má bọ́ ọmọ rẹ̀, kí wọ́n wá máa ròyìn rẹ̀ dé ilé bàbá rẹ̀ ní Alájùé pé ó pín ìyá àti ọmọ níyà? Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì títí di òní yìí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí àyà wọn."

Àwáwù bẹ̀rẹ̀, ó fi etí lé àyà ọmọ rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ìró náà ti wúwo, ó ti kú, bí ìgbà tí èèyàn ń fọwọ́ gbá ìrọ̀rí.

"Kí ló dé tí kò dún dáadáa mọ́?"

"Ó jọ pé ẹ̀jẹ̀ ti ń dì mọ́ irin inú ọkàn wọn. Omi ewé yẹn ni kì í jẹ́ kí oògùn wọn ṣiṣẹ́. Ìbàdàn ló yẹ ká gbé wọn lọ báyìí."

Ayọ̀dèjì tó múlé tì wọ́n ní mọ́tò, àmọ́ epo kò sí ní gbogbo Ẹdẹ. Àwáwù wọlé. Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù tó ń tọ́jú fún ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀ ló gbé jáde. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú Kúlúsúmù.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀ pé ewé yẹn kò dáa fún un?"

Ó lè parọ́. Kò parọ́. "Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, Màmá."

Àwáwù ti kẹ́ẹ̀gì náà sún mọ́ ọn. Omi ti lé sí i lójú.

"Tá a bá gbé e padà dé láàyè, a ó jókòó sọ ìyẹn," ló wí. "Dìde. Gbé epo yìí fún Ayọ̀dèjì."