Ìyá Favour Dúpẹ́ Owó Tí Kò Gbà

"Tóyìn, ẹ ṣé àná o. Owó búlọ́ọ̀kù tẹ́ ẹ san fún mi lánàá, ẹ ṣé gan-an ni. Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀."

Orí ìkúnlẹ̀ ni Ìyá Favour ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, láàárín ṣọ́ọ̀bù onírun, níṣojú àwọn obìnrin tó kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ìkúnlẹ̀ náà kì í ṣe kékeré. Obìnrin tó sanra tó àpò símẹ́ńtì mẹ́ta tí wọ́n dì pọ̀ ni. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀, dígí ara ògiri mì, ìyarun já bọ́, adìyẹ kan tó ń sùn lẹ́yìnkùlé fò sókè, wọ́n sì ní ó di Ìkẹ̀rẹ́ kó tó rántí balẹ̀. Bẹ́ẹ̀, Ìyá Favour fi ọdún mẹ́wàá ju Tóyìn tó ń kúnlẹ̀ fún yìí lọ dáadáa.

Ọwọ́ Tóyìn dúró gán-ín sínú irun tó ń dì. Òun alára mọ̀ pé òun kò san kọ́bọ̀ lánàá. Kò san níjẹta. Láti ọjọ́ tó ti kó búlọ́ọ̀kù tó fi mọ ṣọ́ọ̀bù yìí gan-an, ẹ̀rín nìkan ló ń san. Tó bá ní òun kò san nǹkan kan, àwọn oníbàárà rẹ̀ á mọ̀ pé inú gbèsè ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń dirun. Tó bá sì dákẹ́, ó ti gba ọpẹ́ ohun tí kò ṣe nìyẹn.

"Kò tọ́pẹ́, Ìyá Favour," ló wí, pẹ̀lú ohùn ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun.

Ìyá Favour dìde, ó gbọn ìró rẹ̀, ó kí gbogbo ilé pé ó dàbọ̀. Kò tíì rìn dé ìdí àwọn ọlọ́kadà tó fi gbọ́ kìtìkìtì lẹ́yìn. Tóyìn ni, ó sáré débi pé bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan kọ̀ láti bá a wá. Ó ki owó bọ Ìyá Favour lọ́wọ́.

"Ó pé. Ẹ kà á nílé. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi mọ́ láyé."

Ọmọ́rìnsọ́lá lorúkọ tí wọ́n sọ Ìyá Favour, búlọ́ọ̀kù ló sì ń tẹ̀ ní Èmùré, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìkẹ̀rẹ́. Búlọ́ọ̀kù rẹ̀ le débi pé ewúrẹ́ kan forí sọ ọ́ lọ́jọ́ kan, ewúrẹ́ náà sì gbàgbé ọ̀nà ilé olówó rẹ̀ títí dòní. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe òwò náà: ẹnu Ìyá Favour kò mọ rárá í sọ. Ẹni tó bá sunkún díẹ̀, á gbé búlọ́ọ̀kù lọ. Ẹni tó bá pa á lẹ́rìn-ín díẹ̀, á gbé búlọ́ọ̀kù lọ. Bí wọ́n bá to gbogbo búlọ́ọ̀kù tí wọ́n jẹ ẹ́ sórí ara wọn, ènìyàn á lè gùn ún dé ọ̀run lọ kí Gébúrẹ́lì, kó sì padà wá jẹ oúnjẹ ọ̀sán.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ti wá kọjá ẹ̀rín. Babátúndé onísímẹ́ńtì ní Ìkẹ̀rẹ́ ti ń fún un lọ́jà àwìn, ẹ̀rọ tó fi ń tẹ búlọ́ọ̀kù ló sì fi dógò. Babátúndé ti wá sọ ọ́ ní wẹ́rẹ́, láì bínú, pé tó bá di Sátidé tí òun kò rí owó òun, ọkọ̀ òun á wá gbé ẹ̀rọ náà. Bí ẹ̀rọ bá lọ, iṣẹ́ tán nìyẹn, owó ilé ìwé Favour àti Praise àbúrò rẹ̀ sì tán pẹ̀lú. Owó oṣù olùkọ́ tí Akínwálé ọkọ rẹ̀ ń gbà kò lè ra ju bàtà àti bisikíìtì lọ.

Ó ti bẹ àwọn onígbèsè títí ahọ́n rẹ̀ fi gbẹ. Ó ti fi fóònù ránṣẹ́. Ó ti sunkún. Ìdáhùn wọn kò yàtọ̀ síra: ó di ìparí oṣù. Wọn kì í sọ oṣù wo.

Àwọn Mọ́mì Àgbà tó ń gbé ní ọ̀ọ́kán ilé rẹ̀ ló là á lójú, láì mọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Tuesday, màmá náà kọjá wá pẹ̀lú ọ̀pá, ó ní, "Ọmọ mi, o ṣé àkàrà àná. Mo jẹ ẹ́, unú mi tura." Ìyá Favour kò fún un ní àkàrà kankan. Ó ní láti jẹ́ pé ẹlòmíràn ló gbé e fún un, ojú àgbà ló sì ṣi í mú. Ṣùgbọ́n ojú ti Ìyá Favour láti sọ pé òun kọ́. Ó ní kò tọ́pẹ́. Lẹ́yìn náà ara rẹ̀ kò gbà á. Ó rẹ ẹ̀wà, ó lọ̀ ọ́, ó dín àkàrà, ó gbé e kọjá sí ọ̀ọ́kán kí ọpẹ́ tó ti gbà má baà di gbèsè sí i lọ́rùn. Ibi tó ti ń yọ àkàrà nínú epo ni ọgbọ́n ti yọ sí i lọ́kàn. Ó fi ṣíbí sílẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, àkàrà kan sì jóná nítorí rẹ̀.

Tóyìn ni ó kọ́kọ́ fi dán an wò. Lẹ́yìn rẹ̀ ló lọ bá Káyọ̀dé ọlọ́kadà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi jẹ́ pé Káyọ̀dé san tirẹ̀ kí iná ẹ̀rọ ọ̀kadà tó tutù. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, ìdajì owó Babátúndé ti pé. Ìdajì tó kù wà lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo.

Ọlájídé nìyẹn, tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Ó ti fi búlọ́ọ̀kù Ìyá Favour kọ́ ṣọ́ọ̀bù gbọọrọ kan tó gùn bí ẹjọ́ ilẹ̀, gbogbo ojúlé rẹ̀ ló sì ti fi háyà. Ọ̀rọ̀ gbèsè wọn ti tó ọdún kan. Ní àárọ̀ Wednesday, Ìyá Favour bá a níwájú ilé rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìpàdé ẹbí. Bàbá Ọlálérè, olórí ẹbí, wà lórí àga. Felicia ìyàwó Ọlájídé ń gbé omi fún àwọn àgbà.

Ìyá Favour wo ilẹ̀, ó yan ibi tí yanrìn ti rọ̀, ó kúnlẹ̀.

"Bọ̀dá Jídé, ẹ ṣé àná o. Gbogbo owó búlọ́ọ̀kù tẹ́ ẹ san fún mi, kò ku kọ́bọ̀, mo ní kí n wá dúpẹ́ níṣojú ẹbí ni."

Ó ń retí eegun ẹja. Kò rí eegun ẹja. Ọlájídé dìde, ó tún fìlà ṣe, ó rẹ́rìn-ín débi pé eyín ọgbọ́n rẹ̀ gba afẹ́fẹ́.

"Ìyá Favour, kí nìyẹn já mọ́? Ẹni tó bá jẹ gbèsè ni kó san. Felicia, ṣé o gbọ́? Bàbá, ẹ bá mi rántí o, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ pé mi ò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀ mọ́."

Bàbá Ọlálérè ní òun gbọ́. Ó ní ọmọ dáadáa ni Ọlájídé. Gbogbo ẹbí pàtẹ́wọ́.

Ìyá Favour ṣì wà lórí orúnkún. Iyanrìn tó rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ti wá dà bí òkúta gíráníìtì. Òun gan-an ti fi ẹnu òun pa gbèsè òun rẹ́, níwájú ẹlẹ́rìí tó tó ti ilé ẹjọ́ àgbà. Bó ṣe ń lọ sílé, ó ń bá ara rẹ̀ jà lójú títì tó fi jẹ́ pé ajá méjì dúró wò ó.

Ó ròyìn fún ọkọ rẹ̀. Akínwálé tẹjú mọ́ ọn bí olùkọ́ tó ń wá ibi tí ọmọ ti ṣi ìṣirò. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín gbé e ṣubú láti orí àga. Ìyá Favour kọ́kọ́ bínú, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i tí ó ń fọwọ́ na ilẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ dá sí i láì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n nu ojú tán, Akínwálé bi í pé kí ló wá fẹ́ ṣe.

"N ó tún lọ dúpẹ́," ló dáhùn. "Ó ní òun ti san. Ṣé ó wá yẹ kí irú oore bẹ́ẹ̀ mọ sínú ẹbí?"

Ọjọ́ Thursday ni àwọn àgbẹ̀ máa ń kó kòkó wá síbi òṣùwọ̀n Ọlájídé. Wọ́n wá láti oko Èmùré, wọ́n wá láti Ìró, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ni Ọlájídé ti kó kòkó wọn lọ láti ìgbà òjò, tó ń bẹ̀ wọ́n pé kò sówó nílùú. Ìyá Favour dé síbẹ̀ nígbà tí èrò pọ̀ jù. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n. Abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n náà fò láì sí ẹrù lórí rẹ̀.

Ó dúpẹ́. Ó dúpẹ́ fún owó tó pọ̀. Ó dúpẹ́ fún owó tó jẹ́ tuntun. Ó ní ẹ̀mí ọ̀làwọ́ irú ti Bọ̀dá Jídé kò wọ́pọ̀, ẹni tó fi ọwọ́ kan ṣoṣo san gbogbo gbèsè ilé gbọọrọ. Ó dìde, ó lọ sílé rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ ń wo ara wọn. Àgbàlagbà kan láti Ìró wá bi Ọlájídé ní pẹ̀lẹ́ pé ṣé búlọ́ọ̀kù ló wá dùn ju kòkó lọ ni, tó fi san owó rẹ̀ tí owó tàwọn ṣì wà nílẹ̀. Kó tó dáhùn, wọ́n ti jókòó sórí àpò kòkó. Wọ́n ní àwọn ò ní kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ní iṣu sísun yọ ọ́ jáde, ẹni tó ní ẹmu pín in, ibi òṣùwọ̀n wá dà bí ọjọ́ ọdún, Ọlájídé nìkan ni kò rí nǹkan jẹ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ọlájídé ni Ìyá Favour kọ́kọ́ rí ní ibi búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́, irun orí rẹ̀ dúró ṣinṣin bí irùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo.

"Ìyá Favour, ẹ ṣàánú mi. Ẹ bá mi sọ fún àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí pé mi ò tíì san owó yín."

"Ha, Bọ̀dá. Ẹnu tí mo fi dúpẹ́ kọ́ ni n ó fi tún sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá Ọlálérè ń bá yín rántí. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ lọ sọ ọ́, n ó tẹ̀ lé yín."

Báyìí ló ṣe jẹ́ pé Ọlájídé, tó ti ń sá fún gbèsè bí ológbò ṣe ń sá fún omi, dúró síwájú Bàbá Ọlálérè àti àwọn àgbẹ̀ níbi òṣùwọ̀n ní àárọ̀ ọjọ́ Friday, tó sì fi gbogbo ohùn rẹ̀ pariwo pé onígbèsè lòun. Ó ní òun jẹ Ìyá Favour, òun jẹ ẹ́ gan-an, òun kò san kọ́bọ̀ rí. Ó búra sí i. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú sí ẹni tó rò pé òun san án.

Felicia gbé garawa omi tó rù sílẹ̀.

"Bàbá Daniel," ló pe ọkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò ga rárá. "Owó háyà ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ ní ẹ ti kó fún Ìyá Favour, tí mi ò fi rí owó ra fíríìsà, ibo ló wá wà?"

Ojú Ọlájídé yí padà bí ojú ọ̀run ìgbà òjò. Ìyá Favour wá mọ ohun tí ọkùnrin náà fi gba ọpẹ́ náà tayọ̀tayọ̀ lọ́jọ́ ìpàdé: Felicia ló fẹ́ kó gbọ́. Àwọn àgbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín débi pé ẹyẹ kúrò lórí igi ọsàn. Bàbá Ọlálérè kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Ọlájídé mú fóònù rẹ̀ jáde.

Owó wà ní báńkì, ó kù díẹ̀ kó fi ra jíìpù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò sí. Wọ́n mú Ọlájídé gun orí àpò kòkó, kò wọlé. Wọ́n mú un gun ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù, kò wọlé. Níkẹyìn, ó gun òrùlé ṣọ́ọ̀bù gbọọrọ náà, àwọn àgbẹ̀ di àkàsọ̀ mú, Felicia dúró nísàlẹ̀ tó ń pe orúkọ, òun náà sì ń fi owó ránṣẹ́ láti òkè wá: Ìyá Favour lákọ̀ọ́kọ́, àwọn àgbẹ̀ tẹ̀ lé e, ìyàwó rẹ̀ ló ṣe ìkẹyìn. Bí fóònù kan bá ti dún, gbogbo wọn á hó yèè.

Ní ọjọ́ Sátidé, ọkọ̀ Babátúndé dé láti gbé ẹ̀rọ. Ó bá ẹ̀rọ lẹ́nu iṣẹ́, ó ń bú ramúramù. Ìyá Favour ka gbogbo owó Babátúndé fún awakọ̀, ó pé. Símẹ́ńtì tuntun tí Ìyá Favour fi owó ọwọ́ rà ni ọkọ̀ náà padà lọ gbé wá.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Ọmọ́bọ́lá, tó ń ta oúnjẹ adìyẹ ní Òde-Èkìtì, sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ó ti gbọ́ ìròyìn. Ó ní àwọn tó ń sin adìyẹ ti jẹ òun títí adìyẹ náà fi bí ọmọ-ọmọ. Ṣé Ìyá Favour á lè bá òun wá kúnlẹ̀ fún wọn? Tí owó bá ti jáde, òun á fún un ní tirẹ̀, tó bá di ìparí oṣù.

Ìyá Favour nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró. Ó wo obìnrin náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí ẹnu rẹ̀ kò tíì sọ fún oníbàárà kankan rí.

"Rárá o, àǹtí mi. Ẹ kọ́kọ́ sanwó."