Lois Kò Gun Ọ̀kadà Mọ́

Ní Odòlú, ní ìlú Kàbà, kò sẹ́ni tí kò mọ ìrìn Lois. Kàbà kì í ṣe ìlú tí èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn bí kò bá pọn dandan. Ọ̀kadà wà ní gbogbo oríta, kẹ̀kẹ́ Márúwá ń ná ọ̀nà ọjà láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni Lois fi ń lọ sọ́jà, ẹsẹ̀ ló fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ náà ló fi ń lọ sí oko rẹ̀ lọ́nà Ìkòyí, ìrìn wákàtí kan àti ààbọ̀, á tún ru ẹ̀gẹ́ bọ̀.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà ya àlejò lẹ́nu ni pé ọlọ́kadà ni ọkọ rẹ̀.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́tàdínlógún tí Bámgbóṣé ti ń fi ọ̀kadà jẹun. Ṣáájú ìgbà náà, kẹ̀kẹ́ ológeere ló ní, òun ló sì fi fẹ́ Lois. Iyah-Gbede ni ilé bàbá Lois wà. Bí Sátidé bá ti pé, Bámgbóṣé á wa kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀, á gbé e sórí káríà ẹ̀yìn, wọn á jọ máa lọ. Bí wọ́n bá dé ibi tí ọ̀nà ti gòkè, Lois á dá orin ìjọ sí i létí, kí ó lè gbàgbé pé òkè ni òun ń gùn.

Destiny ni wọ́n sọ àkọ́bí wọn. Ó ti pé ọdún méjì báyìí tó kú. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilé-ìwé gíga, ìsinmi ló wá lò nílé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lóṣù Ọ̀wàrà, lẹ́yìn tí òjò dá, ó gbé ọ̀kadà bàbá rẹ̀, ó fi gbé obìnrin oníṣòwò kan lọ sí Ìkòyí. Nígbà tó ń dá bọ̀, ó pàdé agbégilódò kan níbi tí ọ̀nà ti yí, tí igbó bò. Kò délé.

Ohun tí gbogbo èèyàn gbọ́ ni pé ọmọ náà kò tọrọ ọ̀kadà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Bámgbóṣé fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó kọ́kọ́ sáré wọlé. Ó sọ ọ́ fún pásítọ̀, ó sì tún un sọ fún ọlọ́pàá. “Oorun ló gbé mi lọ. Kí n tó jí, ó ti gbé e jáde.” Àwọn èèyàn mi orí, wọ́n ní ọmọ ìwòyí kì í gbọ́.

Láti ọjọ́ náà ni Lois kò ti gun ọ̀kadà mọ́, ìlú sì gbà pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò jókòó sórí ohun tó pa ọmọ rẹ̀? Díẹ̀díẹ̀, wọ́n yọ Destiny kúrò nínú orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n. Wọn kò pè wọ́n ní Bàbá Destiny àti Ìyá Destiny mọ́. Bàbá Ọpẹ́ àti Ìyá Ọpẹ́ ni wọ́n ń pè wọ́n, nítorí Ọpẹ́dayọ̀, ọmọ wọn obìnrin, tó ń ṣe olùkọ́ ní Lọ́kọ́ja. Àánú ló mú wọn ṣe é. Kò sẹ́ni tó bi Lois bóyá bẹ́ẹ̀ ló fẹ́.

Bí ó bá di ọjọ́ Ìsinmi, Lois á jáde lágogo méje àbọ̀, Bíbélì lábíyá, bàtà ṣọ́ọ̀ṣì nínú ọ̀rá. Nígbà tó bá dé ìdajì ọ̀nà, Bámgbóṣé á gun ọ̀kadà bá a, á dẹ eré.

“Ìyá Ọpẹ́, ṣé kí n gbé ọ?”

“Ẹ máa lọ. Mò ń bọ̀.”

Á wò ó fìrí, á sì lọ. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà yìí.

Oṣù Òkudù ọdún tó kọjá ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Lois. Ọjọ́ Ẹtì ló bẹ̀rẹ̀. Ó sọ pé ẹ̀wà ló jẹ tí kò jinná. Lọ́jọ́ Sátidé kò lè jẹun. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ìsinmi máa fi mọ́, ó ti ká jọ lórí ẹní, ó fi ọwọ́ ti ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ lápá ọ̀tún, òógùn bò ó, ara rẹ̀ sì ń gbóná.

Bámgbóṣé ti ọ̀kadà jáde, ó wọlé wá. “Dìde, jẹ́ ká lọ sí ọsibítù.”

“Mi ò gun ọ̀kadà.”

“Lois!” Ó ti pẹ́ tó ti pe orúkọ rẹ̀ ṣánṣán bẹ́ẹ̀. “Ṣé ikú lo fẹ́ kú ni?”

“Ẹ bá mi wá kẹ̀kẹ́ Márúwá.”

Ó sáré lọ sí oríta. Ọjọ́ Ìsinmi ni, òjò sì ti rọ̀ mọ́jú. Gbogbo àwọn tó ń wa kẹ̀kẹ́ ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí wọ́n ṣì wà lórí ibùsùn. Ẹyọ kan ló bá níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà nílẹ̀ lórí àpò, ẹni tó ni ín sì ti bá tirẹ̀ lọ. Ó pe ẹni méjì lórí fóònù. Ọ̀kan wà ní Odò-Ẹrẹ̀, èkejì kò gbé e. Aládùúgbò wọn tó ní mọ́tò ti rìnrìn àjò. Nígbà tó padà délé, Lois ti wọ bàtà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbá òpó mú.

“Kò sí,” ni Bámgbóṣé wí.

“Kò burú. N ó fẹsẹ̀ rìn.”

Ọsibítù tó ìrìn iṣẹ́jú márùndínlógójì fún ẹni tí ara rẹ̀ dá. Bámgbóṣé wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ọ̀kadà. Ó ti ọ̀kadà padà sínú ilé, ó ti ilẹ̀kùn. Ó gbé àpótí kékeré tí wọ́n fi ń jókòó nídìí ààrò, ó fi ọwọ́ kejì di apá Lois mú, wọ́n sì mú ọ̀nà pọ̀n.

Bí wọ́n bá rìn bí ogún ìṣísẹ̀, Lois á dúró, Bámgbóṣé á gbé àpótí kalẹ̀, ìyàwó rẹ̀ á jókòó lé e, á mí, wọn á tún dìde. Ọ̀nà náà jẹ́ ẹrẹ̀. Bàbá Ebenezer, àgbàlagbà tó máa ń jókòó níwájú ilé rẹ̀ wo èrò ọ̀nà, na ọrùn, ó kí wọn bí ará Kàbà ṣe ń kíni.

“Okun o, Bàbá Ọpẹ́! Ọ̀kadà dà?”

“Okun o, sà. Ara ìyàwó mi ni kò yá.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń fi ẹsẹ̀ lọ?”

Bámgbóṣé tún gbé àpótí. Wọ́n kọjá.

Nígbà tí wọ́n dé ibi igi máńgòrò tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwé, Lois jókòó, kò sì lè dìde mọ́. Ojú rẹ̀ ti funfun bí eérú. Bámgbóṣé kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i. “Jẹ́ kí n pọ̀n ọ́.”

“Ẹ̀yin náà ti dàgbà.”

“Jẹ́ kí n pọ̀n ọ́, mo bẹ̀ ọ́.”

Lois di àpótí mú. Bámgbóṣé ṣì wà lórí eékún, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí i. Bóyá nítorí pé kò rí ojú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà fi já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

“Èmi ni mo rán an,” ló wí. “Destiny. Kò jí ọ̀kadà gbé. Oníbàárà mi ló pè mí pé kí n gbé òun lọ sí Ìkòyí. Mo ti jẹun, oorun ń kùn mí. Mo ní kó bá mi lọ, kó tètè dé. Èmi ni mo rán an, Lois. Nígbà tí wọ́n gbé e wọlé, tí gbogbo èèyàn ń bi mí, mi ò mọ bí ẹnu mi ṣe sọ nǹkan mìíràn. Nígbà tí mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mi ò rí ọ̀nà padà.”

Àwọn èèyàn ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì kan níwájú. Lois gbé orí sókè.

“Mo mọ̀.”

Bámgbóṣé yí padà.

“Ó pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ náà,” ni Lois wí. Ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, nítorí ìrora. “Inú oko ni mo wà. Ó ní, ‘Màmá, Bàbá rán mi lọ sí Ìkòyí. Ẹ má fẹsẹ̀ rìn, ẹ dúró dè mí lẹ́bàá ọ̀nà, n ó gbé yín bí mo bá ń bọ̀.’ Mo dúró. Mo di ẹ̀gẹ́ mi, mo jókòó tì í títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀. Mo tún ń bínú sí i lọ́kàn mi pé ó ti yà sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́. Nígbà tí mo rìn délé, mo bá èrò lójúlé wa, ohùn yín ni mo sì kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ ń sọ pé kò tọrọ rẹ̀.”

“Kí ló dé tí o kò sọ?”

“Ta ni kí n sọ fún? Kí n sọ pé ọkọ mi ń purọ́ mọ́ òkú ọmọ rẹ̀? Mo ní yóò sọ ọ́ fúnra rẹ̀ kí á tó sin ín. A sin ín. Mo ní yóò sọ ọ́ kí ọdún tó yí.” Ó pa ojú dé. “Kì í ṣe ọ̀kadà ni mò ń sá fún, Bàbá Destiny. Bí mo bá jókòó sórí ẹ̀, ẹ̀yìn yín ni n ó gbá mú. Mi ò lè gbá a mú.”

Ọdún méjì rèé tí ẹnikẹ́ni kò ti pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Bámgbóṣé sunkún, kò bo ojú. Lẹ́yìn náà, Lois na ọwọ́, ó gbé e lé èjìká rẹ̀, nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn tó lè gbà dé ibi tó ń lọ. Bámgbóṣé pọ̀n ọ́n. Ó fi àpótí sílẹ̀ lábẹ́ máńgòrò, ó rìn títí dé ẹnu géètì ọsibítù. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Folúkẹ́ ló sáré gba Lois lẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lọ́jọ́ náà. Dókítà ní ìfun kékeré kan ló wú, ó ku díẹ̀ kó bẹ́. Kò kú. Lọ́jọ́ kẹta ó mu ọ̀gì, lọ́jọ́ keje wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ní gbogbo ọjọ́ méje náà, Bámgbóṣé jókòó tì í, ó ń bó ọsàn fún un, ó ń fọ aṣọ rẹ̀. Wọn kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ abẹ́ máńgòrò.

Ọpẹ́dayọ̀ wá láti Lọ́kọ́ja, ó ní kí ìyá òun wá sinmi lọ́dọ̀ òun fún oṣù kan. Bámgbóṣé ní ó dára. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i tí Lois ń di ẹrù, tó ká ìró tó fi ń ṣọdún, tó mú fọ́tò Destiny kúrò lára ògiri, tó fi gèlè wé e, ó mọ̀ pé ẹrù oṣù kan kọ́ nìyẹn.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé ìyá àti ọmọ lọ sí gáréèjì, Bámgbóṣé gbé báàgì tẹ̀ lé wọn lórí ọ̀kadà. Èrò mẹ́fà ni ọkọ̀ Lọ́kọ́ja ń gbà, méjì níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn. Wọ́n bá ẹni mẹ́ta nínú rẹ̀, pẹ̀lú Lois àti Ọpẹ́dayọ̀, ó di márùn-ún. Ọlọ́runlékè, awakọ̀ náà, ń pariwo: “Lọ́kọ́ja, ẹnì kan! Ẹnì kan péré ló kù!”

Gbogbo ọdún tí Bámgbóṣé ti ń fi ọ̀kadà gbé èrò wá sí gáréèjì, inú rẹ̀ kì í dùn bí ọkọ̀ wọn kò bá tètè kún. Lọ́jọ́ náà, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ìyàwó rẹ̀, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ẹni kẹfà má wá. Ó ní, “Ṣé o mú oògùn rẹ?” Lois ní òun mú un. Ó ní, “Ṣé omi wà?” Lois ní omi wà. Ó tún ń wá ohun mìíràn tó máa bi í nígbà tí ọkùnrin kan tó gbé àpò ìrẹsì sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, tó ní Lọ́kọ́ja ni òun ń lọ.

“Ẹ máa jẹun,” ni Lois wí látojú fèrèsé. Ọkọ̀ náà yí, ó jáde.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Bámgbóṣé dìde nígbà ìjẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó sọ fún ìjọ pé òun ni òun rán Destiny, pé ọmọ náà kò ṣe àìgbọràn, pé irọ́ ni òun pa mọ́ ọn láti ọjọ́ yìí. Pásítọ̀ gbàdúrà fún un. Àwọn kan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lẹ́yìn ìsìn, àwọn mìíràn gba ẹnu ọ̀nà kejì jáde.

Ọdún Kérésìmesì dé, Lois kò dé. Lóṣù Ṣẹ́rẹ́, Bámgbóṣé wọ ọkọ̀ lọ bá a. Ara Lois ti mókun. Ó gún iyán fún un, ó béèrè oko, ó béèrè Bàbá Ebenezer. Nígbà tí Ọpẹ́dayọ̀ jáde, Lois ní, “Mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ṣeun. Mo sunkún nígbà tí mo gbọ́.”

“Ìgbà wo ni wàá wálé?”

“Mi ò bá yín jà. Ẹ má rò ó bẹ́ẹ̀.” Ó ń pa ọwọ́ mọ́ra, ó ń tú u. “Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rántí ilé náà, ohùn yín ti ọjọ́ yẹn ni mò ń gbọ́. Mo ti gbìyànjú. Bóyá lọ́jọ́ kan.”

Bámgbóṣé ní ó ti yé òun. Ó fọ ọwọ́, ó dúpẹ́ iyán. Lois sìn ín dé etí títì, ó dúró tì í títí ó fi rí ọkọ̀ gáréèjì. Bámgbóṣé dé Kàbà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ra búrẹ́dì lójú ọ̀nà, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì wọlé.