Wákàtí Mẹ́fà Lẹ́yìn Abẹ́rẹ́

Ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, káfíńtà yìí kì í purọ́, àfi tí èèyàn bá bi í pé ṣé ara le. Ọdún mẹ́rin ni ẹ̀yìn ti ń dùn ún, débi pé orí ìkúnlẹ̀ ló ti ń gé pákó, síbẹ̀ ìdáhùn kan náà ni: "A dúpẹ́." Òun ò ní fẹnu ara òun pe àìsàn. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èyí ò tilẹ̀ dákẹ́, irọ́ ló ń pa!

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ tíṣà, mú un dé ilé ìwòsàn, dókítà gún un lábẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, ó wá na ìwé kan sí ọmọ náà.

"Àyẹ̀wò lèyí o, kì í ṣe ìwòsàn. Iṣan tó ń gbé ìrora ibẹ̀ máa sùn fún wákàtí mẹ́fà. Tí ìrora bá rọlẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń wá, a máa fi iná jó iṣan náà kó má lè gbé ìrora mọ́. Tí kò bá rọlẹ̀, nǹkan míì wà nínú, a sì gbọ́dọ̀ tètè wá a kó tó ba ẹsẹ̀ bàbá yín jẹ́. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹ bi wọ́n, kẹ́ ẹ sì kọ ìdáhùn wọn sínú ìwé yìí: láti òdo dé mẹ́wàá, mélòó ló ń dùn wọ́n?"

Wọ́n délé.

"Bàbá, mélòó?"

"Òdo. A dúpẹ́."

Ó sọ ọ́ tán, ó di férémù ilẹ̀kùn mú, òógùn bò ó, kó tó lè jókòó. Ọmọ rí i. Tíṣà tó ń na ọmọ ọlọ́mọ torí pé ó jíwèé wò! Ó kọ òdo lẹ́ẹ̀mẹfà. Ṣé kó pe bàbá rẹ̀ ní onírọ́ ni? Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn yìí sì ti sú òun náà.

Wọ́n jó iṣan náà. Pàbó ló já sí. Lóṣù kẹta, ẹsẹ̀ méjèèjì kọ̀ jálẹ̀. Àwòrán inú ara tí wọ́n yà fi kókó kan hàn tó ti tẹ mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn pa.

Dókítà tẹ́ ìwé òdo mẹ́fà náà síwájú wọn. "Ká ní a tètè mọ̀ ni, à bá ti yọ kókó náà. Bàbá ò ní lè rìn mọ́."

Káfíńtà yí ìwé náà sí ọmọ rẹ̀.

"Ìwọ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ ohun tí mo sọ." Kò gbóhùn sókè. "Ojú rẹ ńkọ́? Ṣé o ò rí mi ni?"

"Mo rí yín, Bàbá."