Bí Ẹni Kúkúrú Ṣe Ń Ju Àwo

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí irọ́ ṣe ń wọ èèyàn lára, kó lọ bi Wàlíyátù aránṣọ, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà ìlú Ara nínú Ẹ̀jìgbò. Kì í ṣe irọ́ ará òde o. Irọ́ ará òde, etí lèèyàn fi ń gbọ́ ọ, a ó sì gbọn ọ́n dànù. Èyí tó jẹ Wàlíyátù níyà, ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, ló ti jáde.

Mùnírù lorúkọ ẹ̀gbọ́n náà. Mẹkáníìkì ọ̀kadà ni. Ó ti gbé lọ́dọ̀ ìyá wọn ní Àbíján fún ọdún díẹ̀, nígbà tó sì ń bọ̀ wálé, ó kó àwo ike pẹlẹbẹ mélòó kan sínú ẹrù rẹ̀. Àwo yìí kì í ṣe ti oúnjẹ, jíjù ni wọ́n ń jù ú. Wọ́n á ri irin mọ́lẹ̀ lókèèrè, agbọ̀n á wà lára irin náà, ẹ̀wọ̀n á rọ̀ yí i ká. Ẹni tí àwo rẹ̀ bá fi jíjù tó kéré jù lọ wọ inú agbọ̀n ló borí. Góòfù aláwo ni Mùnírù ń pè é. Ó fi ṣéènì ọ̀kadà tó ti gbó ṣe ẹ̀wọ̀n tirẹ̀, ó lọ ri irin náà mọ́ pápá kan lọ́nà Isundunrin, àwọn ará àdúgbò sì rò pé ó fẹ́ máa sin ẹyẹ.

Mùnírù ga, apá rẹ̀ sì gùn. Wàlíyátù kúrú, ó tún tín-ín-rín. Láti ilé kéú ni wọ́n ti ń pè é ní Abẹ́rẹ́, òun náà a sì máa dá wọn lóhùn pé bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fọwọ́ kan àwo, ó jù ú bó ṣe máa ń gbọn aṣọ kó tó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Àwo náà fò kọjá ibi tí ẹnikẹ́ni fojú sí. Mùnírù fi fóònù ya fídíò rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn lọ́jọ́ yẹn. A ò ní purọ́ mọ́ ọn.

Kò pẹ́ tí ohùn rẹ̀ fi yí padà.

"Má wo bí mo ṣe ń jù ú," ó ní. "Èmi ga. Ẹni gíga ló ń fi ìbàdí jù ú. Ẹni kúkúrú bíi tìẹ, èjìká ló gbọ́dọ̀ lò. Di àwo mú gírígírí, gbé etí iwájú rẹ̀ sókè, kó o wá fi gbogbo agbára jù ú. Eléyìí tó wúwo ló sì yẹ ọ́. Ara rẹ fúyẹ́, àwo ló máa bá ọ fi kún un." Ó sì gbé àwo dúdú kan lé e lọ́wọ́.

Wàlíyátù gbà. Ta ni kò ní gbà? Ẹni tó pọ̀n ọ́n lọ sílé kéú nígbà tí ìyá wọn ti wà ní Àbíján ló ń sọ̀rọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun alásárì, Mùnírù á fi ọ̀kadà gbé e lọ sí pápá, á dúró tì í. Bí àwo dúdú bá gòkè tán, tó yẹ̀ sósì, tó sì já lulẹ̀ nítòsí, Mùnírù á pàtẹ́wọ́, á ní, "Sé bọ̀n," èdè Àbíján tó túmọ̀ sí pé ó dáa. Bí Wàlíyátù bá sì gbàgbé ara rẹ̀, tí ìbàdí rẹ̀ yí díẹ̀, á ní, "Rárá. Ara tìẹ ò lè ṣe ìyẹn."

Báyìí ni odidi ọdún kan ṣe lọ. Èjìká ń dun ọmọbìnrin náà débi pé ọwọ́ òsì ló fi ń ti aṣọ sábẹ́ ẹ̀rọ. Ara rẹ̀ ló ń bá wí. Ó ń fipá jẹ iyán, bóyá òun á tóbi. Apá ibí yìí ló ń bíni nínú jù.

Ohun tó ń lé kì í sì í ṣe ohun kékeré. Ẹgbẹ́ aláwo kan ní Ìbàdàn ti ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá mú ẹnì kan ní Ẹ̀jìgbò, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, ẹni tí àwo rẹ̀ bá ti lọ jìnnà jù, kó bá àwọn lọ díje ní Àbíján. Wàlíyátù ò mọ ojú ìyá rẹ̀ àfi nínú fóònù. Ọmọ tó ń rákò ni nígbà tí ìyá náà lọ, ìyá wọn àgbà, tó tọ́ ọ dàgbà, sì ti búra pé Wàlíyátù ò ní bá ọkọ̀ Àbíján lọ lásán, àfi bí nǹkan gidi bá gbé e lọ. Nǹkan gidi ti dé wàyí.

Lọ́jọ́ ìdíje, pápá kún. Obìnrin tó ṣíwájú àwọn ará Ìbàdàn ń jẹ́ Ooreọ̀fẹ́, kò sì ga ju Wàlíyátù lọ. Ó ní kí òun kọ́kọ́ fi bí wọ́n ṣe ń jù ú hàn wọ́n. Ó gbé ẹsẹ̀, ó balẹ̀, ìbàdí rẹ̀ yí, apá tẹ̀ lé e, ọrùn ọwọ́ ló ṣe kẹ́yìn, bí ìgbà tí èèyàn ń gbọn aṣọ. Àwo náà lọ nílẹ̀nílẹ̀, ó ń lọ, ó ń lọ, títí àwọn èèyàn fi ń fọwọ́ bo ojú oòrùn kí wọ́n lè rí i. Bí Mùnírù ṣe máa ń jù ú gẹ́lẹ́ ni.

Wàlíyátù bojú wẹ̀yìn wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mùnírù ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń so okùn bàtà tí kò tú.

"Ìwọ lo wà nínú fídíò," Ooreọ̀fẹ́ sọ fún Wàlíyátù. "A wò ó títí. Torí tìẹ la ṣe wá sí Ẹ̀jìgbò. Apá gígùn dáa, ó máa ń fi kún un, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Àwo pupa tí mo fi rán ẹ̀gbọ́n rẹ sí ọ ńkọ́?"

"Àwo pupa wo, Aǹtí?"

Ooreọ̀fẹ́ gba àwo dúdú ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e wò. "Èyí kọ́. Ọkùnrin alápá ńlá ló lè mú eléyìí fò. Mùnírù, pupa dà?"

Mùnírù tọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò rẹ̀, ó yọ ọ́. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé e ṣì wà lára rẹ̀.

"Bọ̀dá," Wàlíyátù ní, ohùn rẹ̀ ò ròkè, "ẹ mọ̀?"

"Jẹ́ ká délé ná."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kálukú máa jù. Wàlíyátù mú àwo pupa, ó fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rò pé Ọlọ́run ò tíì ti ilẹ̀kùn. Ó sọ fún ìbàdí rẹ̀ pé kó lọ. Kí ìbàdí tó gbọ́, èjìká ti ṣáájú. Àwo fífúyẹ́ ò gba irú agbára bẹ́ẹ̀. Ó yí dà sọ́tùn-ún, ó sì fi etí gúnlẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kejì rí bẹ́ẹ̀. Ó dúró pẹ́ kó tó ju ẹlẹ́ẹ̀kẹta, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ẹlẹ́ẹ̀kẹta náà ò sì yàtọ̀. Aránṣọ ni, ó mọ̀ pé aṣọ tí wọ́n bá rán lódì, títú rẹ̀ máa ń ṣòro ju rírán lọ. Ara rẹ̀ ni wọ́n rán lódì.

Mùnírù ju tirẹ̀, ó jìnnà ju ti gbogbo èèyàn. Àwọn ará àdúgbò sì ń wá dì mọ́ Wàlíyátù, wọ́n ní, "Ẹ kú oríire, ilé yín náà ló kúkú gbà á." Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Kò gun ọ̀kadà Mùnírù lọ sílé. Ẹsẹ̀ ló fi rìn.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí Mùnírù lọ sí Àbíján, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù. Wàlíyátù ti ti tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwo pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rọra gbé ẹsẹ̀ nílẹ̀.

"Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìrìn," Mùnírù ní. "Mo fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí àwọn ará Ìbàdàn kí wọ́n lè mọ̀ pé mo ń kọ́ èèyàn ni. Wọn ò béèrè mi. Ìwọ, tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kan án, ìwọ ni wọ́n ń béèrè."

"Ẹ ò bá sọ fún mi. Ǹ bá fi í sílẹ̀ fún yín."

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀yin mọ ojú ìyá wa. Ẹ sì mọ̀ pé èmi ò mọ̀ ọ́n." Ó yí àwo pupa náà padà lọ́wọ́. "Ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn mí jù. Odidi ọdún kan ni mo fi ń bínú sí ara tí Ọlọ́run fún mi, ẹ̀ ń wò mí, ẹ sì ń pàtẹ́wọ́."

Mùnírù wo ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ nílẹ̀. Ó ní, "Jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọ̀tún balẹ̀ ná, kí ìbàdí tó yí. Má fi ọwọ́ ṣáájú. Ṣe é kí n rí i."

Ó ṣe é. Ẹsẹ̀ balẹ̀, ìbàdí yí, èjìká sì dúró de àkókò tirẹ̀.

"Sé bọ̀n," Mùnírù ní, omi sì lé sí i lójú.

Òótọ́ ló sọ lọ́tẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n Wàlíyátù dúró, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni tó ṣìnà. Ó gbé àwo sórí tábìlì, ó mú fóònù, ó tẹ nọ́ńbà kan, ó sì ṣí ohùn fóònù síta kí àwọn méjèèjì lè gbọ́.

"Aǹtí Ooreọ̀fẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi ló wà lọ́dọ̀ mi níbí. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ló gbọ́dọ̀ balẹ̀ kí ìbàdí tó yí. Ṣé òótọ́ ni?"

Mùnírù dúró lẹ́nu ọ̀nà, òun náà ń retí ohun tí Ooreọ̀fẹ́, ará òde, máa sọ.