Òòfà Tí Mi Ò Yọ

Ẹ jẹ́ kí n bú ara mi, ó tọ́ sí mi. Èmi Olúsànmí, ọmọ Ìlàjẹ tó ń gbé Ubeji, èmi ni mò ń yẹ ohun èlò wò nílé-iṣẹ́ wa ní Warri. Nígbà tí a fẹ́ tún inú iléru ńlá ṣe, iṣẹ́ mi ò ju kí n fi òòfà kan àwọn ìkọ́ tó máa di símẹ́ńtì mú mọ́ ara iléru náà. Ojúlówó ìkọ́ onírin, èyí tí wọ́n fi irin tí kì í dípẹtà ṣe, kì í lẹ̀ mọ́ òòfà. Irin lásán ló ń lẹ̀ mọ́ ọn, iná sì máa ń jẹ ẹ́.

Ìkọ́ méjì ni wọ́n ní kí n fi wéra, alámọ̀ tí wọ́n sun bíi bíríkì, àti onírin. Alámọ̀ gba iná dáadáa, ṣùgbọ́n ó wúwo, iṣẹ́ rẹ̀ sì ń pẹ́. Mo ní ká lo onírin. Bàbá Ìkúnayọ̀, àgbà ìjọ wa, ló kó o wá. Ẹni tó gbàdúrà fún mi nígbà tí mo wà lórí àìsàn! Ṣé kí n wá máa yẹ ẹrù àgbà wò bí ẹrù olè, lójú àwọn tí kì í ṣe ará ilé? Mo fi òòfà sápò, mo fọwọ́ síwèé.

Oṣù mẹ́ta péré, símẹ́ńtì inú iléru ya lulẹ̀. Ọlọ́run yọ wá, ẹnikẹ́ni ò farapa. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo yọ ìkọ́ kan nínú àlàpà, mo fi òòfà kàn án. Ó lẹ̀ mọ́ ọn pinpin. Síbẹ̀, nígbà tí Madam Cynthia, ọ̀gá wa, bi mí ohun tó fà á, mo wo Benjamin, bíríkìlà tó po símẹ́ńtì, mo ní, "Bóyá omi ló pọ̀ jù." Bóyá! Ẹ gbọ́ irọ́ àgbàyà! Ẹnu àìmẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíì ló mú ọ̀ràn bá.

Wọ́n ní kí Benjamin lọ jókòó sílé, pé tó bá di Jímọ̀ wọ́n á lé e. Bíríkìlà tí orúkọ rẹ̀ bàjẹ́ ní Warri, ta ni yóò tún pè é? 

Lọ́jọ́bọ̀, ó wá bá mi nílé. Mo rò pé èébú ló gbé wá, inú mi tiẹ̀ fẹ́ dùn. Àfi bó ṣe kúnlẹ̀!

"Oga, abeg no vex. I don think am well well, the water too much true true. I don disgrace you."

Yéè! Irọ́ tí mo pa mọ́ ọn, òun fúnra rẹ̀ ti gbà á gbọ́. Mo fà á dìde, mo kó ìkọ́ àti òòfà lé e lọ́wọ́. Ó fi wọ́n kan ara wọn, ó tẹjú mọ́ wọn títí.

"Since when you know?"

"Since the day e fall."

Mo ní n óò sọ gbogbo rẹ̀ fún Madam lọ́la, n óò dárúkọ Bàbá Ìkúnayọ̀, kí wọ́n lé èmi. Kò dúpẹ́, kò sì bú mi. Ó ní Madam lè dúró. Ó ní kí n wọ bàtà ká jọ lọ sílé òun ní Orhuwhorun, kí n kọ́kọ́ sọ fún àwọn ọmọ òun pé bàbá wọn mọṣẹ́.