Páàdì Tó Lè Dá Agbókùú Dúró

Kò sí mọ́tò tó wúwo tó ti Sixten ní gbogbo Sweden. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá gbé e wò. Volvo gígùn ni, ọgbọ̀n ọdún gbáko ló fi gbé òkú lọ sí itẹ́ kí Sixten tó rà á, ó sì ń rìn bíi pé gbogbo òkú tó ti gbé rí ṣì jókòó sẹ́yìn. Agbókùú ni wọ́n ń pè é. Òun ni Sixten, tí iṣẹ́ ẹ̀ gan-an jẹ́ igi gígé, fi ń bá àwọn mọ́tò kéékèèké sáré ní pápá lópin ọ̀sẹ̀.

Eré sísá kọ́ ni ìṣòro Agbókùú o. Dídúró ni. Lọ́dún tó kọjá, bíréèkì pòórá mọ́ Sixten lẹ́sẹ̀ ní ìparí títì gbọọrọ, ó bá wọ oko ọkà olóko, ó fi mọ́tò kórè ibi tó tó ìpínlẹ̀ kan. Ìdí nìyẹn tí Bàbá Tage, tó ń yẹ mọ́tò wò ní pápá, ṣe pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Sixten, tí mọ́tò yìí bá tún fi ojú títì sílẹ̀ ní Sátidé, ó parí. Kò ní wọ ibí mọ́ láéláé. Ó ti wúwo jù."

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ipò kìíní ni mo máa gbà."

"Ta ló bi ọ́ ní ipò? Mo ní kó o dúró níbi tó yẹ kó o dúró."

Sixten rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Kò ní mọ́tò míì, kò sì fẹ́ òmíràn.

Ní Ọjọ́bọ̀, òun àti Ylva ẹ̀gbọ́n ẹ̀, obìnrin tó ń tún bọ́ọ̀sì ṣe nílùú, jókòó sórí garawa nínú abà, páálí páàdì bíréèkì mẹ́ta wà nílẹ̀ níwájú wọn.

"Èyí tí Valfrid ń lò ni mo fẹ́," Sixten ní. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti fi gba ife."

"Mọ́tò Valfrid ò wúwo tó ilẹ̀kùn tìẹ. Tí ìyẹn bá fẹ́ dúró, ó kàn lè na ẹsẹ̀ síta ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé èmi lẹ̀ ń bú ni àbí mọ́tò?"

"Ẹ̀yin méjèèjì." Ó fọwọ́ kan páálí àárín. "Èyí ló tọ́ sí ọ. Ó ń mú dáadáa ní tútù, ó sì ń fara da ooru."

"Ẹ̀kẹta ńkọ́?"

"Iná ni ìyẹn ń jẹ. Tí kò bá tíì gbóná, kò ní mú nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ká má méfò."

Ó mú ọ̀dà mẹ́ta jáde, èyí tí ooru máa ń sọ di funfun: aláwọ̀ ewé fún ooru díẹ̀, aláwọ̀ ọsàn fún ooru púpọ̀, pupa fún iná ọ̀run. Ó kùn ún sí etí àwo irin tó ń bá táyà yí, tí páàdì máa ń fún mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Sixten fi páàdì àtijọ́ yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Nígbà tó dé, Ylva bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo àwo náà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló funfun báláú, títí kan pupa.

"Ó dáa," ó ní. "Mo ṣìnà. Ti àárín náà á kú sí i lẹ́sẹ̀. Ẹ̀kẹta ni."

"Ẹ tún un sọ, etí mi ò gbọ́."

"Gbé jáàkì wá jàre!"

Wọ́n de páàdì náà. Ó wá ku kí páàdì àti àwo mọ ara wọn: kí Sixten sáré, kó tẹ bíréèkì gidi láì dúró, nígbà ogún, kó sì máa wakọ̀ lọ títí gbogbo ẹ̀ á fi tutù. Tó bá dúró pẹ́nrẹ́n, páàdì gbígbóná á lẹ̀ mọ́ àwo, pẹ́dáàlì á sì máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, bíréèkì ò sì ní mú dáadáa mọ́. Ohun tó ba páàdì àtijọ́ jẹ́ lọ́dún tó kọjá gan-an nìyẹn: aago mẹ́wàá lù, ó dúró mu kọfí.

Níbí, tí aago mẹ́wàá bá lù, tí ilé bá ń jó, ẹ á kọ́kọ́ mu kọfí ná. Àǹtí Gunvor tó ni abà sì ti dúró létí títì pẹ̀lú fúláàsì àti búrẹ́dì dídùn.

"Sixten! Kọfí!"

"Àǹtí, mi ò lè dúró!"

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú! Páàdì ni!"

Ó yí ká, ó tún kọjá. Lẹ́ẹ̀kẹta, àǹtí sáré tẹ̀ lé e, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ó ju búrẹ́dì gba ojú fèrèsé wọlé. "Kò sẹ́ni tó kọjá kọfí mi rí láyé mi!" Ojú ti Sixten, omi fẹ́ bọ́ lójú ẹ̀. Kò dúró. Ó di bíi máìlì mẹ́wàá kí irin tó tutù.

Ní Sátidé, nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, páàdì ṣì tutù, Sixten bá ń tètè tẹ bíréèkì. Gbogbo ayé ń kọjá lára ẹ̀, wọ́n ń fọn fèrè. Valfrid tilẹ̀ juwọ́ sí i bí ẹni ń kí òkú. Sixten gé ètè ẹ̀ jẹ, ó ń bá tiẹ̀ lọ. Ní yípo kẹrin, páàdì jí. Wákàtí méjì ni eré yẹn. Èéfín ń rú lára àwọn kéékèèké, Agbókùú ṣì ń dúró níbi tí wọ́n ní kó dúró.

Ní yípo ìkẹyìn, ó dé ìparí títì gbọọrọ pẹ̀lú eré tó lè ya etí ènìyàn kúrò lórí. Oko ọkà wà níwájú gbalaja. Ó tẹ̀ ẹ́. Pẹ́dáàlì le bí òkúta, irin náà pọ́n bí ojú abínú, gbogbo ẹrù òkú yẹn sì tẹrí ba, ó yí kọ́nà.

Ipò kẹtàlá nínú méjìlélógún ló gbà. Ǹ bá parọ́ pé kejì ni, àmọ́ Ylva wà níbẹ̀.

Bàbá Tage wá, ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ táyà, ó tètè fà á padà. Ó kọ orúkọ Sixten sínú ìwé ọdún tó ń bọ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin náà rí i pé ipò kìíní ni mo—"

"Dákẹ́," Ylva ní. "Bá mi wá omi mu."