Àga Ẹ̀gbẹ́ Awakọ̀

Ọdún mẹ́tàlélógún ni Màmá wa fi wa ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn. Ohun kan ṣoṣo ni iṣẹ́ náà kọ́ ọ: awakọ̀ kì í bá ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jiyàn. Ẹni yẹn ló mọ ilé tí aláìsàn wà. Bó bá ní òsì, òsì ni. Bó bá ṣi ọ̀nà, òun ni yóò ṣàlàyé fún dókítà.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó gbé òfin yìí wọ inú ìdíje àwárí. Wọn a fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tí àlọ́ méjìlá wà nínú rẹ̀. Àlọ́ kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí ibì kan nínú ìlú. Ẹ ó wá ibẹ̀ rí, ẹ ó kọ ìdáhùn sílẹ̀, ẹ ó sì gba ibẹ̀ lọ sí òmíràn. Máàkì márùn-ún ni ìdáhùn kan. Ọkọ̀ tó bá lò ju wákàtí méjì lọ yóò máa pàdánù máàkì kan ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni méjì ló ń wà nínú ọkọ̀: ọ̀kan ń wakọ̀, èkejì ń kàwé. Bàbá wa ló ka ìwé fún Màmá fún ọdún mọ́kànlá, wọ́n sì gba ipò kìíní nígbà mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà ni ojú Bàbá di bàìbàì, tí kò lè ka lẹ́tà mọ́ àfi èyí tó bá tó àtẹ́lẹwọ́.

Àga náà ṣófo. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń ta táyà, ní òun ni àkọ́bí, òun ló ni ín. Èmi náà ní mo fẹ́ ẹ. Iṣẹ́ tèmi ni kíka ìwé kí ilé ìtẹ̀wé tó tẹ̀ ẹ́, láti yọ àṣìṣe inú rẹ̀.

Màmá kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

"Ìwọ lo máa kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀," ó sọ fún mi. "Ipò kìíní ni mo fẹ́. Tá ò bá gbà á, ẹ̀gbọ́n ẹ ló ni àga."

"Títí láé, Màmá?"

"Títí ojú tèmi náà á fi ṣú."

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ọkọ̀ mẹ́sàn-án tò sí iwájú ilé ìkàwé. Tíṣà Ìṣirò ló kọ àwọn àlọ́ ọdún náà, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ sì nìyẹn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì pín ìwé fún wa bí ẹni tó ń pín ìwé ìdánwò, ó sì wakọ̀ lọ síbi tí ìdíje yóò parí sí láti dúró dè wá.

Ẹ̀gbọ́n mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ onígbàjámọ̀ wà nínú ọkọ̀ tiwọn. Ó wá fi ìgúnpá lé fèrèsé wa.

"Ìyá Àṣìṣe, ṣé gègé pupa wà nínú àpò? Tẹ́ ẹ bá ti sọnù, ẹ ṣáà fọn hóònù. Màá wá fi okùn fà yín."

"Ẹ ṣeun, Bùrọ̀dá. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ atẹ́gùn sí táyà ẹ̀yìn yín."

Ó yíjú wò ó. Táyà ọlọ́jà táyà ti rọ̀ lóòótọ́. Màmá rẹ́rìn-ín, ó sì ṣáná sí ọkọ̀.

Àlọ́ méje àkọ́kọ́ kò yọ mí lẹ́nu. "Ó ti dùbúlẹ̀ lórí omi kí a tó bí ọ, ẹ̀yìn rẹ̀ kò tutù rí. Mélòó ni ẹsẹ̀ rẹ̀?" Afárá ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́fà. Mo ń sọ ọ̀nà, Màmá ń gbà á. Kò bi mí ní ìdí kankan.

Àlọ́ kẹjọ ní: "Aláìsàn kún ibẹ̀, kò sí dókítà, ẹ̀jẹ̀ tó ń ro sílẹ̀ dúdú. Kọ ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn lára pátákó rẹ̀." Ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì ni. Ṣùgbọ́n irin lásán tó ti dípẹtà ni pátákó náà lójú wa. A ní láti kọjá rẹ̀ kí n tó yíjú padà kà á: "Iṣẹ́ ń lọ, ẹ ní sùúrù." Mo kọ "sùúrù" sílẹ̀.

"Ta ló kọjú pátákó sí òdìkejì báyìí?" Màmá béèrè. "Ṣé àwa tá à ń bọ̀ látìhín ò ní mọ́tò tó ń bàjẹ́ ni?"

Àlọ́ kẹsàn-án ní: "Mẹ́ta dúró lórí ẹsẹ̀ gígùn, ikùn wọn kún, wọn kì í jẹun. Jẹ́ kí wọ́n wà ní ọwọ́ òsì rẹ, kí o máa lọ títí dé ẹnu ọ̀nà aláwọ̀ ewé. Kọ nọ́ńbà rẹ̀."

Táńkì omi mẹ́ta náà wà ní ọ̀kánkán wa, níbi tí ọ̀nà pín sí méjì. Ọmọdé pàápàá yóò mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n wà ní òsì òun, ọ̀tún ni yóò yà sí. Ọkọ̀ mẹ́fà ti yà síbẹ̀ lójú wa. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ síta láti fèrèsé, ó juwọ́ sí wa bí ẹni tó ń dágbére.

"Màmá, ẹ dúró ná."

Ó dúró. Mo tún ìwé náà kà. Kò sí ohun tó rújú nínú rẹ̀, ohun tó ń dà mí láàmú sì nìyẹn. Mo rántí pátákó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà tiwa bọ̀ kò lè ka ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ láìyíjú padà. Tíṣà kà á, kò sì sọ fún wa pé kí a wẹ̀yìn. Nítorí náà, òdìkejì ló ti ń bọ̀. Bó bá rí báyẹn, òsì tó kọ sínú ìwé, òsì tirẹ̀ ni; ọwọ́ ọ̀tún tiwa ló bọ́ sí.

"Òsì," ni mo wí.

Màmá wo ibi tí eruku àwọn ọkọ̀ mẹ́fà ṣì ń rú.

"Gbogbo wọn ló gba ọ̀tún."

"Mo rí wọn, Màmá."

"Kí ni ìwé wí?"

"Ọ̀tún ni ìwé wí. Ìwé ló ṣì í."

Ó ti jíà, ó yà sí òsì. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ẹnu ọ̀nà aláwọ̀ ewé fi yọ. Nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ mẹ́tàdínláàádọ́ta. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ gàdàgbà.

Láti ibẹ̀ lọ, orí mi wú. Àlọ́ kọkànlá ní: "Ojú rẹ̀ mẹ́rin, kò rí ẹnì kan, gbogbo ìlú ń wò ó. Mélòó ló ti kú nínú wọn?" Aago gíga tó wà láàárín ọjà ni. Mo wo ojú mẹ́ta láti inú ọkọ̀. Ọ̀kan ti dúró. Igi bo ojú kẹrin. Mo kọ "ọ̀kan," mo ní kí Màmá máa lọ.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kí wákàtí méjì pé nígbà tí a wọ ọgbà ilé ẹ̀kọ́ tí ìdíje yóò parí sí. Tíṣà nìkan ló jókòó sídìí tábìlì. Ogún ìṣẹ́jú kọjá, kò sí ọkọ̀ mìíràn.

"Àwọn tó kù dà?" ó bi wá. "Àbí àlọ́ mi le jù ni?"

Ó ń ṣe bí ẹni tó ń ṣàníyàn, ṣùgbọ́n ó jọ pé inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Mo mọ ibi tí àwọn tó kù wà. Bí mo bá dákẹ́, a ti gba ipò kìíní, àga náà sì di tèmi. Màmá mú àkísà, ó ń nu gíláàsì iwájú ọkọ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ mi.

N kò tíì fọwọ́ sí ìwé tí mo mọ àṣìṣe inú rẹ̀ rí. Mo ya ọ̀nà méjèèjì àti táńkì mẹ́ta sẹ́yìn ìwé náà, mo gbé e síwájú Tíṣà.

"Nígbà tẹ́ ẹ ń bọ̀ lẹ kọ èyí, Tíṣà. Àwa ń lọ."

Ó wò ó pẹ́.

"Ilé mi ló wà lẹ́yìn ọgbà yìí," ó wí. "Ibí ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo kọ wọ́n lọ títí dé ilé ìkàwé. Mo to nọ́ńbà wọn padà. Mi ò rántí yí òsì àti ọ̀tún padà."

Àwọn ọkọ̀ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìbínú. Tíṣà dìde, ó sọ àṣìṣe rẹ̀ fún gbogbo wọn láìfi ohunkóhun pamọ́. Ó yọ àlọ́ kẹsàn-án kúrò, ó ní òun kò ní ka àkókò mọ́, àfi ìdáhùn mọ́kànlá tó kù. Àwọn nọ́ọ̀sì méjì kan ní máàkì márùndínlọ́gọ́ta. Àwa ní àádọ́ta. Ojú aago tó kú jẹ́ méjì. Àwọn nọ́ọ̀sì bọ́ sílẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ rìn yí i ká.

Ipò kejì. Ipò kẹfà ni ẹ̀gbọ́n mi wà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dí i lọ́wọ́.

"Ìyá Àṣìṣe! O rí àṣìṣe Tíṣà, o ò rí aago tó ga ju ilé lọ!" Ó yíjú sí Màmá. "Màmá, ẹ ti gbọ́. Ipò kìíní lẹ sọ. Àga ti di tèmi."

"Òótọ́ ni Bùrọ̀dá sọ, Màmá," ni mo wí. "Èmi ni mo ṣì í."

Màmá ká àkísà rẹ̀ sí méjì.

"Ìwọ, níbo lo gbà níbi táńkì yẹn?" ó bi ẹ̀gbọ́n mi.

"Ọ̀tún. Ohun tí ìwé wí nìyẹn."

"Ká ní èmi ni mò ń wà ọ́ ńkọ́?"

"Ọ̀tún náà ni, Màmá. Ìwé ló—"

"Ó dáa. Ipò kìíní ni mo sọ, òótọ́ ni. Èmi ni mo sọ ọ́, èmi náà ni mo yí i padà. Ọdún mẹ́tàlélógún, ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n fún wa ní àdírẹ́sì tí kò tọ̀nà! Ẹni tó máa mọ̀ kí n tó débẹ̀ ni mo nílò." Ó ṣí ilẹ̀kùn. "Tó o bá fẹ́ tẹ̀ lé wa nígbà tó ń bọ̀, àga ẹ̀yìn ṣófo."

Onígbàjámọ̀ bú sẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi pàápàá gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe fún un.

Mo wọlé, mo jókòó. Nígbà tí a dé ẹnu géètì, Màmá dúró. Ọ̀nà ilé wa nìyẹn, ó ti ń gbà á kí wọ́n tó bí mi.

"Òsì àbí ọ̀tún?" ó béèrè, ó tẹjú mọ́ iwájú.

Mo wo apá méjèèjì dáadáa kí n tó dáhùn.

"Òsì, Màmá."

Ó yà sí òsì.